Àwọn Tó Bá Sylvester Lọ Kí Adájọ́

Sylvester Ògúnmóyèró ni ó ń ti géètì, òun náà ni ó sì ń ṣí i, níbi tí ojú irin gbé dábùú ọ̀nà ní Yábà. Iṣẹ́ náà kò le. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ láti Ìdó, yóò ti géètì, yóò na àsíá. Àwọn tó gun kẹ̀kẹ́ yóò sọ̀ kalẹ̀, àwọn obìnrin tó ru ẹ̀gẹ́ láti ìhà Ìpọ̀nrí yóò dúró pẹ̀lú ẹrù lórí, wọn yóò sì máa bú u bí ẹni pé òun ló ni rélùwéè. Bí ọkọ̀ bá kọjá tán, yóò ṣí i. Lẹ́yìn èyí kò tún sí nǹkan tí yóò ṣe títí òmíràn yóò fi dé, àfi kí ó jókòó nínú ahéré páànù tí wọ́n kọ́ fún un, kí ó máa wo ilẹ̀. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú rẹ̀ a máa sùn. Sylvester ń kọ ìtàn.

Ọmọ Iléṣà ni. Ó ka ìwé dé Sítáńdáàdì Fọ́ọ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń rán an nílé-ìwé tó kú. Àwọn tí wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ti di akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba, àwọn kan nínú wọn a sì máa gba ẹnu géètì rẹ̀ kọjá láràárọ̀. Wọn a tẹ aago kẹ̀kẹ́ wọn. Wọn a ní, "Géètì, ṣí i jàre, a ti pẹ́." Kò sí ẹni tó tún ń pe orúkọ rẹ̀. Nílé, Bàbá Rónkẹ́ ni. Lójú ọ̀nà, Bàbá Géètì. Ohun tí ó ń fẹ́ kò ju ìwé kan lọ: ìwé tí a tẹ̀, tí a dì, tí orúkọ òun gan-an wà lára èèpo rẹ̀, kí ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ náà rí i ní ṣọ́ọ̀bù, kí ó sì bi ẹnì kejì rẹ̀ pé, "Sylvester wo nìyí? Àbí tiwa ni?"

Ó ti kọ oríṣiríṣi, ó sì ti fà wọ́n ya. Ọ̀kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀, èyí tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tún kọ. Ó pe orúkọ rẹ̀ ní *Ọba Tó Ní Kí Ọkọ̀ Ojú Irin Dọ̀bálẹ̀*. Nínú ìtàn náà, ọba ìlú kékeré kan gbọ́ pé nǹkan kan ń bọ̀ tí kì í yà fún ẹnikẹ́ni. Ọba ní irọ́ ni, bí ó bá jẹ́ ọmọ tí a kọ́, yóò dọ̀bálẹ̀. Ó kó àwọn ìjòyè rẹ̀, wọ́n lọ dúró sí àárín ojú irin. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ pẹ́, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ti í máa pẹ́. Wọ́n dúró títí àwọn ìyàwó ọba fi ń dáná sójú irin, títí ọjà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ná níbẹ̀, títí àwọn ìjòyè fi ń jà nítorí ibi tí òjìji igi wà. Nígbà tí ọkọ̀ dé wàyí, ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ bàjẹ́ ní ọ̀kánkán ọba, ó mí kanlẹ̀, ó sì dákẹ́. Ọba ní, "Ẹ rí i? Ó ti kúnlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ jẹun." Mo ti ka ìtàn náà. Mi ò ní kí n búra pé kò sí irú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kí n rẹ́rìn-ín, ìyẹn kò sì wọ́pọ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tó gbọ́ ọ ni Àmúsà, káfíńtà ará Mùsín, tó máa ń ru àga wá tà ní Yábà. Ìdúró de ọkọ̀ ló sọ wọ́n di ọ̀rẹ́. Sylvester kà á fún un nínú ahéré, Àmúsà sì rẹ́rìn-ín títí ó fi ní kí ó dúró ná, kí òun mí.

Lọ́dún 1934, ìdíje ìtàn kíkọ mẹ́ta jáde lásìkò kan náà. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ń wá ìtàn ní èdè àwọn adúláwọ̀. Ìwé ìròyìn *Ojúmọ́ Ire* ní Èkó ń wá ìtàn ẹ̀rín nípa ayé òde òní, wọn yóò tẹ èyí tó bá gbégbá orókè sínú ìwé ìròyìn. Ilé Ìtẹ̀wé Ìrètí ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta ń wá ìtàn tó ní ẹ̀kọ́, wọn yóò sọ ọ́ di ìwé, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Òfin kan pa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: ìtàn tí a bá ti fi ránṣẹ́ síbòmíràn, wọn kò ní gbà á.

Sylvester sì ní ìtàn kan ṣoṣo.

Kì í ṣe òpè. Ó jókòó, ó rò ó. Ó kọ́kọ́ yọ Lọ́ńdọ̀nù kúrò, nítorí ohun tí wọ́n béèrè ni bí a ṣe ń gbé kí òyìnbó tó dé, bí a ṣe ń sìnkú, bí a ṣe ń gbéyàwó, ọkọ̀ ojú irin kò sì sí níbẹ̀. Ó ku méjì. Àmúsà ní *Ojúmọ́ Ire* ni kó fi í ránṣẹ́ sí. Ó ní ohun tí wọ́n béèrè gan-an nìyẹn, ẹ̀rín àti ayé òde òní, àti pé ní Mùsín, bí ẹnì kan bá ra ìwé ìròyìn, yóò kà á sókè fún gbogbo àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀, títí kan àwọn tí kò mọ̀wé.

Mabel, ìyàwó Sylvester, kò gbà. Ó ń ránṣọ, ó sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn láti ìdí máṣíìnì rẹ̀.

Ó ní, "Ìwé ìròyìn? Bó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àkàrà ni wọ́n á fi pọ́n. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, Bàbá Rónkẹ́. Ọba yín á máa jẹ epo."

Àmúsà ní kò burú, ọba kì í kọ epo.

Ọ̀rọ̀ náà da Sylvester lọ́kàn rú. Ìwé ni ó ń fẹ́, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ìtàn òun kò ní ẹ̀kọ́ kankan nínú. Ọba náà kò ronú pìwà dà. Kò sí ẹni tí ìyà jẹ. Àwọn ará Ilé Ìtẹ̀wé Ìrètí sì jẹ́ olùfọkànsìn, tí wọ́n ń tẹ ìwé orin àti ìwé àdúrà. Nígbà tó yá, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ti Àmúsà. Ó ti kọ àdírẹ́sì *Ojúmọ́ Ire* sára àpòòwé.

Bàbá Túbọ̀sún ló yí i padà. Oníṣòwò aṣọ ni bàbá náà, àgbà tó níyì, òun sì ni olórí ẹgbẹ́ ọmọ Iléṣà ní àdúgbò Yábà. Sylvester mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́, bí ẹni ń ṣàwàdà. Bàbá Túbọ̀sún kò ṣàwàdà. Ó béèrè ẹni tí yóò ṣe adájọ́ ìdíje ti Ilé Ìtẹ̀wé Ìrètí. Sylvester ní wọ́n kọ ọ́ pé Ọ̀gbẹ́ni Arówóṣẹ̀gbẹ́ ni, tísà àgbà.

Bàbá náà na ọwọ́ méjèèjì. "Arówóṣẹ̀gbẹ́ ti òkè Ẹrẹ́jà? Ọmọ wa mà ni. Èmi àti bàbá rẹ̀ jọ ru aṣọ dé Òṣogbo. Kí ni ìwọ tún ń wá lọ sí ibòmíràn?"

Bí ó ṣe yan ìdíje náà nìyẹn. Kò yàn án nítorí ìtàn rẹ̀, kò sì yàn án nítorí òfin wọn. Ó yàn án nítorí pé ọmọ ìlú rẹ̀ ni adájọ́. Ẹ má sì tètè fi í ṣẹ̀sín. Ẹni tó bá wá láti ìlú wá sí Èkó mọ ohun tó rí. Ta ló bá a wá iṣẹ́ géètì? Ọmọ Iléṣà ni. Ta ló bá a wá yàrá tó ń gbé? Ọmọ Iléṣà náà ni.

Ó padà sídìí ìtàn rẹ̀, ó fi ẹ̀kọ́ sí i ní ìparí. Ó kọ ọ́ pé ìgbéraga ní í ṣáájú ìparun, pé kí àwọn ọ̀dọ́ fi ọba yìí kọ́gbọ́n. Nígbà tó ka apá ibẹ̀ fún Àmúsà, Àmúsà kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Òfin mìíràn wà. Ilé Ìtẹ̀wé ní kí ẹnikẹ́ni má kọ orúkọ rẹ̀ sára ìtàn rẹ̀; kí ó fi orúkọ àtọwọ́dá sí i, kí ó wá kọ orúkọ rẹ̀ gan-an sínú àpòòwé tí a lẹ̀ pa, tí wọn kò ní ṣí títí wọn yóò fi dájọ́ tán. Sylvester pe ara rẹ̀ ní Olùwòran. Ó ṣe gbogbo rẹ̀ bí wọ́n ṣe wí, ó sì gbé e lọ sí Ẹ̀bùté Mẹ́ta fúnra rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ẹgbẹ́ pè é. Bàbá Túbọ̀sún ní ó kù díẹ̀ káàtó. Bí ọmọ ẹni bá fẹ́ gbéyàwó, àgbà a bá a lọ. Bó bá ń wá ilẹ̀, àgbà a bá a lọ. Bó bá ní ẹjọ́, àgbà rẹ̀ ni adájọ́ í kọ́kọ́ rí, kó tó rí ọmọ náà fúnra rẹ̀. Báwo ni ọmọ wọn yóò ṣe wà níwájú adájọ́ bí ọmọ òrukàn? Wọ́n fẹnu kò pé àwọn yóò lọ kí tísà ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Àmúsà nìkan ló bi í léèrè, nínú ahéré, nígbà tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀.

"Àwọn tó ní kí o fi orúkọ rẹ pamọ́, kí ni wọ́n ń sá fún?"

"Ìwé ni wọ́n ní kí orúkọ má wà lára rẹ̀," ni Sylvester dáhùn. "Wọn ò sọ̀rọ̀ ti ẹnu."

"Sylvester."

"Òfin yẹn wà fún àwọn tí kò léèyàn ni. Èmi léèyàn."

Ọjọ́ Ìsinmi náà dé, wọ́n wọ aṣọ, wọ́n ru iṣu, wọ́n mú obì. Sylvester rìn lẹ́yìn wọn, nítorí ẹni tí a ń bá bẹ̀bẹ̀ kì í ṣíwájú. Inú tísà dùn láti rí wọn. Ó sọ èdè Ìjẹ̀ṣà, èyí tí kì í sọ nílé-ìwé rẹ̀, ó béèrè àwọn tó kù àti àwọn tó ti kú. Ìgbà tí wọ́n mu omi tán ni Bàbá Túbọ̀sún gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀. Ó sọ ọ́ dáadáa, bí àgbà. Ó ní ọmọ wọn kan kọ ìtàn, pé báyìí báyìí ni ó pe orúkọ ìtàn náà, pé ó pe ara rẹ̀ ní Olùwòran, ṣùgbọ́n pé Sylvester ni, òun sì nìyí. Sylvester ti dọ̀bálẹ̀. Ó rí bàtà tísà, ó rí eruku lára rẹ̀. Kò rí ojú rẹ̀.

Tísà la obì, ó fún wọn jẹ, òun náà jẹ. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mo ti gbọ́."

Wọ́n padà sí Yábà pẹ̀lú ayọ̀. Bàbá Túbọ̀sún ní àgbà tó bá ní òun ti gbọ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Mabel bẹ̀rẹ̀ sí í rán ẹ̀wù funfun kan fún ọkọ rẹ̀, èyí tí yóò wọ̀ lọ gba ìwé rẹ̀.

Nígbà tí àbájáde jáde, Ilé Ìtẹ̀wé lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilẹ̀kùn. Ọkùnrin Ìjẹ̀bú kan ló ṣe ìkíní, pẹ̀lú ìtàn ọmọ aláìgbọràn kan. Ìkejì àti ìkẹta jẹ́ obìnrin, tísà ni àwọn méjèèjì. Wọ́n dárúkọ àwọn mìíràn tí ìtàn wọn yẹ ní yíyìn. Olùwòran kò sí níbẹ̀. Sylvester kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún kà á láti ìsàlẹ̀ dé òkè, àwọn èèyàn sì ń tì í lẹ́yìn pé kó kúrò, kí àwọn náà ríran.

Ó lọ bá tísà nílé-ìwé, ní ọjọ́ kan tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ géètì. Àwọn ọmọ wà níta. Tísà ní kí ó jókòó.

"Ẹ jẹ́ kí n dúró, sà."

"Mo mọ̀ pé wàá wá," ni tísà wí. "Ìtàn rẹ ni mo fi ṣe ìkíní."

Sylvester ní òun kò rí i lára ilẹ̀kùn.

"Mo ti kà á kí ẹ tó wá. Mo ti gbé e sọ́tọ̀. Mi ò mọ ẹni tó ni í, mo kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Ọjọ́ Ìsinmi yẹn ni mo wá mọ̀. Kí ni kí n ṣe? Àwọn ará Ìjẹ̀bú ló pọ̀ jù nílé ìtẹ̀wé yẹn. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹ ru iṣu wá sílé mi, wọ́n á sì gbọ́, ta ló máa gbà pé ìtàn ni mo wò?"

"Ni ẹ bá yọ ọ́."

"Mo yọ ọ́."

"Ẹ ò fi í ṣe ìkejì?"

"Ẹjọ́ kan náà ni."

Sylvester ní, "Ẹ jẹ obì wa, sà. Ẹ ò sọ fún wa."

Tísà wo ojú fèrèsé. Ó ní ṣé kí òun ní kí Bàbá Túbọ̀sún, tó bá bàbá òun ṣòwò, kó obì rẹ̀ kúrò nínú pálọ̀ òun, níwájú àwọn àgbà? Ó ní òun náà lọ́mọ, òun náà ní ilé nílùú, òun náà yóò padà lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú ìtàn náà jáde, ó fún un. Ó ní kò sí nǹkan tó ṣe é, àfi ìmọ̀ràn tó wà ní ìparí. Èyí nìkan ni òun ì bá ní kí ó yọ. Ó wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má jẹ́ kí àwọn àgbà gbọ́ ohun tí wọ́n jọ sọ.

"Nítorí Ọlọ́run," ni tísà wí. "Inú wọn á bàjẹ́."

Àbí òótọ́ ni ó sọ? Ẹni tí ojú bá ń tì yóò wí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tu èèyàn nínú náà yóò wí bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ìtàn náà ló dára jù lọ nínú gbogbo wọn. Ó sì lè jẹ́ pé tísà kò kà á dé ìdajì, tó jẹ́ pé ìparí rẹ̀ nìkan ló wò. Kò sí ẹlòmíràn tí Sylvester lè bi, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó kà á ṣe ìdájọ́. Bí wọ́n bá ti sọ fún un pé kò dára, ì bá kọ òmíràn. Bí wọ́n bá ti sọ fún un pé ó dára níṣojú èèyàn, ì bá sinmi. Ohun tí wọ́n fún un kì í ṣe èyí, kì í ṣe ìyẹn.

*Ojúmọ́ Ire* ti parí ìdíje tirẹ̀. Ìtàn ọkùnrin kan tó gun kẹ̀kẹ́ tí kò mọ bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ló gbégbá orókè. Wọ́n kà á sókè ní Mùsín, wọ́n rẹ́rìn-ín. Àmúsà kò fi pamọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní ó dùn, ṣùgbọ́n pé kò tó ti ọba. Kí ọdún tó parí, ìwé ìròyìn náà kógbá sílé, bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti í ṣe ní Èkó. Lọ́ńdọ̀nù náà ti ti ilẹ̀kùn.

Ohun kan ṣẹ́ kù. Bí àgbà bá bá èèyàn lọ síbì kan, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ padà wá dúpẹ́, ìbáà rí i gbà, ìbáà má rí i gbà. Sylvester kò fẹ́ lọ. Ó jókòó sórí ibùsùn pẹ̀lú ẹ̀wù funfun náà lórí ẹsẹ̀.

Mabel ní, "Ẹ dìde. Bẹ́ ẹ ò bá lọ, wọ́n á ní ìgbéraga ni. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣe wá, ta ni a ó pè?"

Ó lọ. Wọ́n ti pé sí pálọ̀ Bàbá Túbọ̀sún. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní òun wá dúpẹ́ oore, pé ẹsẹ̀ tí wọ́n rìn nítorí òun, Ọlọ́run yóò san án fún wọn. Ọ̀rọ̀ tísà wà lẹ́nu rẹ̀. Kò sọ ọ́.

Àgbà kan ní kí ó má bínú, ṣùgbọ́n pé bóyá ìtàn náà ni kò dára tó, nítorí àwọn ti ṣe tàwọn. Òmíràn ní òótọ́ ni, kò sí bí adájọ́ ṣe lè gba ọmọ ẹni là bí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá pójú owó. Wọ́n mi orí.

Bàbá Túbọ̀sún kò jẹ́ kí wọ́n bá a wí jù. Onínúure ni bàbá náà, ó sì dùn ún gan-an.

"Sylvester ọmọ mi, má jẹ́ kó dùn ọ́. Àṣìṣe tiwa ni. A pẹ́ jù, iṣu yẹn náà sì kéré. Lọ́dún tó ń bọ̀, bí wọ́n bá ti kéde rẹ̀ báyìí, a ó ti dé ilé adájọ́. A ó lọ lẹ́ẹ̀mejì."

"Ẹ ṣé, sà," ni Sylvester wí láti ilẹ̀. "Ẹ ó pẹ́ fún wa."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí àwọn tí yóò lọ, lórí ẹni tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ jù, lórí bóyá kí wọ́n fi adìyẹ kún un. Kí ẹnì kan tó rántí láti ní kí Sylvester dìde nílẹ̀, wọ́n ti yan ẹni tí yóò ru iṣu.